Ìyá Ọkọ Mi Ló Ń Túmọ̀

Ẹni tí kò ṣe tákàbá rí ni yóò sọ pé ìjókòó lásán ni. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wa ní kí opó fi wà nínú ilé, kó má ṣe ọ̀ṣọ́, kó má fín lọ́fínńdà, kó má jáde àfi bí ọ̀ràn bá di dandan. Èmi tí mo ti ń ránṣọ lójú ọ̀nà Ìsùndúnrìn láti ìgbà tí mo ti gba fírídọ́ọ̀mù, tí mo fi etí mọ ọ̀kadà gbogbo tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n wá fi mí sínú ilé bí adìẹ tó sàba. Mi ò bá òfin Ọlọ́run jà o. Ẹsẹ̀ mi ló ń bá mi jà.

Àbíjàn ni ọkọ mi, Nùrúdíìnì, tí mò ń pè ní Núrù, kú sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí lọ́jọ́ kan náà, bí a ṣe máa ń ṣe. Kí àwọn àgbà ilé tó kó ara wọn jọ wá bá mi pẹ̀lú Ìmáàmù àdúgbò, ilẹ̀ ti bò ó. Mi ò rójú rẹ̀, mi ò rí sàréè rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí mo ti fọ̀ tí mo sì lọ̀ ṣì wà lórí àga ní yàrá.

Ìjà la sì fi túká. Ó ní kí n palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, kí n bá òun lọ sí Àbíjàn. Mo ní mi ò gbọ́ Faransé, ta ni mo fẹ́ máa ránṣọ fún níbẹ̀? Ó ní kò sí ohun tí èèyàn ò lè kọ́. Mo ní kí òun náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ìyàwó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa wọ ọkọ̀, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò tọ́ ọ wò. Ó kí ìyá rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó débẹ̀, kò pè mí, èmi náà ò pè é, torí agídí wa dọ́gba. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ikú mú un.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn ń ké tí wọ́n ń ní kí n gba kádàrá, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Fóònù ìyá rẹ̀ ni wọ́n pè láti Àbíjàn, nítorí náà ìyá rẹ̀ ni mo bi.

"Màmá, ṣé ó sọ nǹkan kan kó tó lọ? Ṣé ó dárúkọ mi?"

"Kò sọ nǹkan kan, ìyàwó mi. Wọ́n ní ó sùn, kò jí mọ́."

Mo tún bi wọ́n lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ. Èsì kan náà ni. Mo wá gbà pé tòun ti ìbínú rẹ̀ sí mi ló wọ ibojì, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí mọ́.

Ẹ̀rọ géèmù tó wà ní pálọ̀, ti Núrù ni. Mẹkáníìkì ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ọ́ìlì, ṣùgbọ́n tó bá ti wẹ̀ tó ti jẹun, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló kù. Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọkùnrin ìlú wa ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Èyí, odindi ayé ni. Ẹlẹ́ṣin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn, ibi tó bá sì wù ọ́ ni wàá gbà: igbó, odò, ìlú tí wọ́n ti ń tajà, ihò tí ẹranko burúkú fara pamọ́ sí. Máàpù rẹ̀ a máa ṣókùnkùn, ibi tí o bá ti dé nìkan ní í mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rẹ̀, mo máa ń sọ pé ẹṣin tí kì í jẹ koríko ti gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, ó gbé pádì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kí n lè dákẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ẹṣin gùn jù ú lọ.

Faransé ni gbogbo ará inú géèmù náà ń sọ. Àbíjàn ló ti rà á, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí mo bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, á wọ̀ mí létí. Kò wọ̀ mí létí rárá. Núrù ló ń túmọ̀, èmi ń gun ẹṣin, bẹ́ẹ̀ la ṣe rin ilẹ̀ ọ̀hún já. Nígbà tí kò sí ibi tó ṣókùnkùn mọ́ nínú máàpù, ó ra àfikún rẹ̀, ó fi dátà fà á wọlé. Ilẹ̀ tuntun ni, lẹ́yìn òkun, tí àwọn tó ṣe géèmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé èèyàn débẹ̀. Ó gbé ẹlẹ́ṣin wa dúró sí èbúté, ó ní a jọ máa wọkọ̀ ni, kí ẹnì kankan má dá lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la bẹ̀rẹ̀ ìjà Àbíjàn.

Lẹ́yìn fídáù, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn dín kù, ilé dákẹ́. Màmá wà nínú yàrá wọn, èmi wà nínú tèmi. A ń kíra wa, a ń gbé oúnjẹ fúnra wa, kò sì sí ọ̀rọ̀. Mo ń bínú sí wọn pé wọ́n mọ̀ kí èmi tó mọ̀, àwọn náà ò sì lè wo opó ọmọ wọn lójú kí omi má bọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo tan ẹ̀rọ náà. Mo bá ẹlẹ́ṣin wa níbi tí Núrù dá a dúró sí, ó kọjú sí òkun, ọkọ̀ ń dúró dè é. Mo sunkún títí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo tẹ bọ́tìnì, mo wọ ọkọ̀.

Bí mo ṣe sọ̀ ní ilẹ̀ tuntun, obìnrin kan sáré wá bá mi, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gbáyà. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ó ní ọkọ òun jáde nílé, kò padà wálé. Básítíà lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí o dákun bá òun wá a."

Màmá ni, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Àbíjàn, wọ́n ń ta irú àti ata gbígbẹ ní ọjà Ajamé níbẹ̀, débi pé Ìyá Ajamé ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n Faransé ẹnu wọn, ọlọ́pàá ibodè ò lè fi yan wọ́n jẹ. Wọ́n fa àga kan sún mọ́ mi, wọ́n jókòó.

"Bon," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń sọ tí ọ̀rọ̀ bá ti tán, "gun ẹṣin rẹ ká lọ wá a."

Abúlé kan wà lẹ́yìn igbó àkọ́kọ́. Ìyá arúgbó kan ń fa omi ní kànga ibẹ̀. Mo bi í léèrè, ó gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó nawọ́ sí òkè kan lọ́ọ̀ọ́kán, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, mo yíjú sí Màmá.

"Màmá, kí ló sọ?"

Wọ́n tún ìborùn wọn fà. "Ó ní ọkùnrin náà kọjá níbí. Ó ní ó ti lọ sí abúlé iwájú."

"Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn náà ni?"

"Àgbàlagbà ni. Ṣé o ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè tán lẹ́nu àgbàlagbà ni?"

Lójú kan náà, àmì tó ń júwe ọ̀nà lórí máàpù yí padà, ó kọjú sí èbúté tí a ti ń bọ̀. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n má dá a lóhùn, pé ẹ̀rọ ni, kò mọ̀nà. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi bá ẹni tó gbédè jiyàn?

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn. Tí Màmá bá ti kí ìrun Àyìlá tán, tí iná bá wà tàbí tí oòrùn bá ti jẹ́ kí sólà wa gbéra, a ó jókòó. A gun òkè tí yìnyín bò. A la adágún kan kọjá tí omi rẹ̀ ti dì gbagidi, Màmá ń sọ pé kí n rọra, kó má lọ là mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Bí ìkookò bá yọ, wọ́n á dìde lórí àga, wọ́n á máa pariwo "Attention! Ẹ̀yìn rẹ, ẹ̀yìn rẹ!", títí n ó fi sá tàbí tí n ó fi pa á. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ni mò ń bi nípa Básítíà. Nígbà mìíràn, apẹja kan á sọ ọ̀rọ̀ méjì péré, Màmá á túmọ̀ rẹ̀ di wàásù Jímọ̀. Ìparí rẹ̀ kì í yàtọ̀: ó wà níwájú, ká máa lọ.

Bí a ṣe ń rìn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ Núrù fún mi. Wọ́n sọ bó ṣe tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ kó tó lè ka ábídí, àti bó ṣe máa ń sá wọ abẹ́ ibùsùn tí àrá bá sán. Mi ò mọ èyí rí. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu mi, Màmá gba pádì lọ́wọ́ mi kó má bàa já bọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbínú mi sí wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrìn wa di ti ìta. Màmá ló sọ fún aládùúgbò wa kan láìfura pé àwa ìyá àti ìyàwó rìn dé etí òkun lánàá, ara wa ò sì tíì balẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Àdínnì mọ́sálásí wa ti dé, ojú wọn le koko.

"Ìyá Ajamé, wọ́n ní opó yín ń jáde. Etí òkun wo lẹ gbé e lọ nínú tákàbá?"

"Ẹ jókòó, kí ẹ wá wo ibi tó ń lọ," ni Màmá dáhùn.

Ìyá Àdínnì jókòó láti ṣe wàásù, ìkookò sì yọ. "Lá ìláhà ilalláhù!" ni wọ́n ké, wọ́n di apá mi mú. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n ní òfin ò kúkú sọ pé kí ojú opó má jáde. Wọ́n wá bèèrè ẹni tí a ń wá. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ṣàdúrà pé Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i, mo sì ṣe àmín tọkàntọkàn. Kì í ṣe eré lójú mi mọ́. Mo ti sọ fún ara mi pé bí mo bá rí Básítíà, màá padà lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní èbúté. Bí èmi ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan láti ọ̀dọ̀ ọkọ tèmi, kí obìnrin kan ṣáà gbọ́ láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, a ti rin ilẹ̀ náà tán. Gbogbo máàpù ti mọ́lẹ̀, àti òkè àti odò, mi ò sì rí Básítíà.

Iléyá yẹn ni àbúrò Núrù wálé láti Àbíjàn. Afeezat lorúkọ rẹ̀. Mo jù ú lọ, ṣùgbọ́n mo bá a nílé ọkọ ni, Àǹtí ni mo ń pè é. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé. Lọ́jọ́ kejì ọdún, Màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń yan ẹran, èmi wà nídìí géèmù, mò ń yípo òkè kan tí mo ti yípo rẹ̀ rí. Afeezat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ní:

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí o ò tíì parí iṣẹ́ yìí?"

"Iṣẹ́ wo, Àǹtí?"

"Èyí tí wọ́n kọ sí igun yìí. Wọ́n ní kí o padà sí èbúté, kí o sọ fún ìyàwó Básítíà pé ọkọ rẹ̀ ti kú."

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní Màmá ló ń túmọ̀ fún mi, wọ́n sì ní ó wà níwájú. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó ní òun ń lọ bá wọn yan ẹran.

Ìbínú tó kọ́kọ́ gùn mí, mi ò lè júwe rẹ̀. Wọ́n ti fi òkú tàn mí rin odindi ilẹ̀! Ṣé ọmọdé ni mí ni? Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa. A kì í já ọ̀rọ̀ ikú lu èèyàn. A óò ní ara rẹ̀ ò yá díẹ̀, a óò ní ó ń bọ̀, títí àwọn àgbà á fi péjọ. Ṣùgbọ́n bí ìbínú náà ṣe ń rọlẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí. Bí Màmá bá lè fi òkú inú géèmù pamọ́ fún mi, òkú tí kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, kí ni wọ́n fi pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ tèmi?

Mo pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Afeezat lọ kí àwọn ẹbí ní ìlú Ara, ó ku èmi àti Màmá. Mo dúró kí wọ́n kírun tán. Nígbà tí wọ́n fi máa jókòó sórí àga wọn, mo ti gun ẹṣin padà dé ìdí kànga ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyá arúgbó yẹn ṣì ń fa omi, torí iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ àwọn ará inú géèmù. Màmá rí i, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

"Kí la tún wá ṣe níbí?"

Mo tẹ bọ́tìnì. Ìyá náà gbé garawa sílẹ̀, ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, ó nawọ́ sí òkè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́.

"Màmá, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Afeezat ti sọ fún ọ."

"Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Wọ́n fi ìborùn nu ojú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn kéré débi pé mo ní láti sún mọ́ wọn.

"Ó ní Básítíà ti kú. Ó ní òtútù ló mú un lójú ọ̀nà. Ó ní àwọn gbé e wọlé, àwọn da aṣọ bò ó, àwọn gbé omi gbígbóná fún un, kò lè mu ún. Ó ní orí òkè yẹn ni àwọn sin ín sí."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyá arúgbó náà ti pa ẹnu dé. Ó gbé garawa rẹ̀, ó kọjú sí kànga. Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n Màmá ò dákẹ́, wọn ò sì gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Ó ní ibà ni. Ó ní ọ̀gá rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára. Ọ̀gá rẹ̀ ló pè mí. Ó ní òun á gbé fóònù sí i létí, kí n bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Màmá, ẹ bá mi gbé e fún Rùkà.'"

Kò sí fóònù nínú géèmù yẹn. Idà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àti ẹṣin. Orúkọ mi ò sì sí níbẹ̀.

Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ la pádì mọ́ ògiri, mo fẹ́ di èjìká ìyá ọkọ mi mú kí n mì wọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè já ọ̀rọ̀ yẹn gbà lẹ́nu wọn, wọn ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n máa túmọ̀ lọ.

"O wà lẹ́yìnkùlé, ò ń sá aṣọ. Mò ń rí ọ láti ojú fèrèsé. Ó ti pẹ́ tí o ti ń sunkún nítorí ìjà yẹn, mo ní kí n má tún fi àìsàn kún un fún ọ. Mo rò pé ara rẹ̀ á yá, òun fúnra rẹ̀ á pè ọ́ tó bá di ọ̀la. Mo ní o lọ sọ́jà. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò bínú mọ́. Mo ní màá sọ. Ó ní òun á dúró dè ọ́ lórí fóònù. Ó tún bi mí pé ṣé o ti dé. Mo ní o ò tíì dé."